Ọkọ̀ Wa Àbíkú: Bí A Ṣe Wá Àrùn Iná Mànàmáná Rẹ̀ Rí

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a sábà máa ń bá ara wa sọ. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a gbé wá. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú yìí fún oṣù kan péré ti mọ̀ pé mọ́tò níhìn-ín kì í ṣe ohun fáàrí. Ọkọ̀ ojú irin DART ń dé àwọn ibì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni kò sí lẹ́bàá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ọkọ̀ dà bí ẹni tí a dè lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ra ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ láyé, tí ó ti sin ọ̀gá mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àrùn kan tí ó ń dani láàmú ju gbogbo àrùn yòókù lọ. Bí ọkọ̀ bá kú pátápátá, mẹkáníìkì yóò rí ohun tí ó pa á. Àrùn tí à ń wí yìí ni àrùn iná mànàmáná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ọkọ̀ á kọ̀ lọ́sàn-án, á dáhùn lálẹ́. Bí o bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe, yóò máa dún bí ọkọ̀ tuntun. Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Ohun tí ọkọ̀ wa ṣe fún wa nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀kan nínú àwa tí a ni ín di èké pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń gbé ní Richardson, ní àríwá Dallas. A da owó jọ, a ra ọkọ̀ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiwa. Ẹ má bèèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí kò sí èyí tí irú àrùn yìí kò lè bá ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnì kìíní wa ni ó ń gbé e lọ sí kíláàsì ní òwúrọ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, ìkẹta wa á gbà á níbẹ̀, á gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Garland. Ẹnì kejì wa ni ó ń lò ó ní òpin ọ̀sẹ̀.

Nínú oṣù Keje ni ìkẹta wa tẹ̀ wá láago pé ọkọ̀ kò sítáàtì. Ó ní ẹ́ńjìnì ń yí, ṣùgbọ́n kò mú iná. Nígbà tí a ó fi rí ẹni gbé wa débẹ̀, oòrùn ti rọ̀. A yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ dáhùn. A wo ọmọkùnrin náà lójú, kò rí nǹkan kan sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun nìkan náà ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà, pé ó ń fi ipá yí kọ́kọ́rọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì wá, ọjọ́ kan wà tí a wí fún un pé bóyá iṣẹ́ ni kò fẹ́ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nígbà náà nítorí pípẹ́ lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ní òwúrọ̀ kùtù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Kò kọ̀ lójú rẹ̀ rí. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, owó wa tí ó lọ síbẹ̀ sì ju $600 lọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ohun tí ènìyàn kò bá rí ni kò lè tún ṣe.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, ọkọ̀ náà kú lórí eré ní LBJ Freeway, láàárín àwọn tírélà. Orí ìkẹta wa ni ó bá a ṣe é tí ó fi wọ́ ọ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ilé lálẹ́, ó ní kí a dá owó òun padà, kí oníkálukú máa lọ ní ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúrò ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

“Ìgbà wo ni ó ń ṣe é?”

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní ìlú yìí tí ó ń wa tírélà. Kí ó tó kúrò nílé, iṣẹ́ ríwáyà ni ó ṣe ní Mushin fún ọdún púpọ̀, òun sì ni gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Ríwáyà. Nígbà tí ó gbọ́ ìjà wa, ó wá. A rò pé yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ní kí a gbé omi wá fún òun. Ó ní, “Ẹ̀yin akọ́wé, gbogbo yín ń bèèrè pé kí ni ó ń ṣe ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, ìgbà wo ni ó ń ṣe é?”

Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní kí a ra ìwé kékeré kan, kí a fi sínú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e máa kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: aago tí ó sítáàtì, bí ojú ọjọ́ ti rí, iye wákàtí tí ọkọ̀ ti dúró sínú oòrùn, bóyá ẹ́ńjìnì yí tàbí kò yí, iná wo ni ó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àti ohun tí etí gbọ́. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dáhùn ṣe pàtàkì bí ọjọ́ tí ó bá kọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwa mẹ́ta jókòó ti ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere débi pé ojú tì wá. Ọkọ̀ náà kò kọ̀ rí kí ó tó di aago kan ọ̀sán. Kò kọ̀ rí ní ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ẹ̀yìn tí ó bá ti dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń kọ̀, àyè rẹ̀ á sì tún yá bí inú ọkọ̀ bá ti tutù. Àwa tí a ń wà á ní òwúrọ̀ kò lè rí i láéláé. Mẹkáníìkì tí a ń gbé e lọ bá ní aago méje àárọ̀ kò lè rí i. Ẹni tí ó ń gbà á ní aago méjì ọ̀sán nìkan ni ó lè rí i. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ó burú, wákàtí rẹ̀ ni. A bẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbà.

Ooru ìlú yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ̀

Ẹ rántí irú ibi tí a ń gbé. Ní ọdún 1980, ọjọ́ 42 tẹ̀ léra wọn tí ooru Dallas ń dé 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tàbí tí ó ń kọjá rẹ̀. Ní ọdún 2011, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé 71 nínú ọdún kan. Inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn sì máa ń gbóná ju ìta lọ púpọ̀. Nígbà tí ó sì di Fébrúárì 2021, òtútù bọ́ sí 2 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí ooru bá mú irin àti òjé, wọ́n á gbòòrò. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á sún kì. Ohun tí ó bá ń gbòòrò tí ó ń sún kì fún ogún ọdún yóò sán níbì kan. Ojú sísán náà ni àbíkú ń gbà wọlé. Bí ó bá tutù, ẹnu rẹ̀ á pàdé, iná á kọjá. Bí ó bá gbóná, ẹnu á là, iná á dúró.

Bọ̀dá Ríwáyà ní kí a tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kí a tó sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù epo á kùn lẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ wa bá fẹ́ kọ̀, kò ń kùn. Pọ́ǹpù sì rèé, tuntun ni. Nítorí náà, ojú ọ̀nà iná tí ó ń lọ bá pọ́ǹpù ni kí a yẹ̀ wò, pàápàá àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rílè, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ rílè ni pé iná díẹ̀ á fi pe iná púpọ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá lọ jí baba rẹ̀ pé àlejò dé.

Bí a ṣe pe àbíkú náà jáde

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọkọ̀ tutù, tí kò sì yẹ kí ó ṣe nǹkan kan, a yá ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun lọ́wọ́ arábìnrin kan tí ó múlé gbè wá. A fẹ́ ooru rẹ̀ sí rílè náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kò jẹ́ kí ó sún mọ́ ọn jù kí ó má baà yọ́. A yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kọ̀! Nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kọ̀ lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A jẹ́ kí rílè náà tutù, a tún yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. A ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bákan náà ni ó rí. Ìkẹta wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i báyìí?”

Ẹnì kejì wa tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kò fẹ́ kí a gbàgbé òun, ó mú mítà rẹ̀ jáde. A ṣí ilẹ̀kùn gbogbo, a rí i pé kò sí òórùn epo níbì kankan, a yọ wáyà pọ́ǹpù lẹ́yìn. A fẹ́ ooru sí rílè títí ó fi dé ibi tí ó ti ń kọ̀, a wá wọn iná níwájú, níbi tí ó ti ń jáde nínú rílè, nígbà tí ẹnì kan ń sítáàtì ọkọ̀. Mítà ní fóòtì 12 wà níbẹ̀. Ó ní, “Iná ń jáde. Rílè kò ní àrùn.” Bọ̀dá Ríwáyà kò bá a jiyàn. Ó mú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ tí ó ti so mọ́ wáyà méjì, ó fi í sí ibi kan náà. Gílóòbù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí fìtílà tí epo rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Mítà kì í mu iná rárá, bí ìgbà tí a bá tọ́ omi wò lórí ahọ́n ni. Bí ẹyọ fọ́nrán wáyà kan péré bá kù tí kò já, mítà yóò ṣì sọ pé fóòtì 12 pé. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ń mu iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ojú ọ̀nà bá há, kò ní rí mu. Gílóòbù ń mu iná bí pọ́ǹpù ti ń mu ún, nítorí náà ni kò ṣe lè parọ́. A ti ń fi àwọn ríwáyà ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé gílóòbù àti wáyà nìkan ni wọ́n mọ̀. A kò mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

A ṣí àpótí rílè náà. Ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, òjé tí a fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pákó rẹ̀ ti sán yíká, ojú sísán náà kò nípọn ju irun orí lọ. Bọ̀dá yọ́ òjé tuntun sí i, a dá a padà. A kò tíì dúpẹ́ o. A gbé ọkọ̀ náà sínú oòrùn ní ọ̀sán mẹ́ta tẹ̀ léra, ó dáhùn nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni a ra rílè tuntun, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá ohun tí a ti ná.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni rílè ń dà láàmú. Nítorí náà, ìlànà tí a kọ́ nìyí, láti orí èyí tí kò ná ni lówó:

1. Orí bátìrì. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, máa ń ní fóòtì 12.6. Bí ó bá ti di 12.0, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ó yẹ kí ó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sórí rẹ̀, ẹ fi omi tí a po mọ́ baking soda fọ̀ ọ́. Wáyà négétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn, kí sípáná má baà fa iná lára ọkọ̀.

2. Wáyà ilẹ̀, tí àwọn ríwáyà ń pè ní earth, tí àwọn ará ibí ń pè ní ground. Iná tí ó bá lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àlọ, wọn kì í wo àbọ̀. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí négétíìfù bátìrì, kí ẹ fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan sítáàtì ọkọ̀. Bí ohun tí mítà kà bá kọjá ìdajì fóòtì kan, wáyà ilẹ̀ yín ti ń ṣàìsàn. Bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ń jó láìsí ìlù, ẹ fura sí i.

3. Rílè. Ẹ sábà máa rí méjì tí ó bára mu nínú ọkọ̀ kan. Bí nọ́ńbà ara wọn bá dọ́gba, ẹ pààrọ̀ wọn fún ara wọn. Bí àrùn bá bá rílè lọ, ẹ ti mú olè.

4. Mímì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa mi ìdì wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Ibi tí ẹ bá mì tí ọkọ̀ wúkọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ tú.

5. Kóòdù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni a lè so ẹ̀rọ mọ́ kí ó ka kóòdù rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀ sì ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò ni kóòdù ń sọ, kì í dárúkọ olè.

Ẹ má ṣe yára di ẹ̀bi ru ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní brain box. Ní ìlú Dallas yìí gan-an, ní iléeṣẹ́ Texas Instruments, ni Jack Kilby ti ṣe irú ègé kékeré tí ń bẹ nínú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Ègé náà kì í tètè kú. Wáyà, ẹnu ìsopọ̀ àti ìpẹtà ni ó sábà ń jẹ̀bi.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Bí fúùsì bá ń jó, ẹ má ṣe fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Fúùsì kú kí ọkọ̀ má baà jó ni. Bí ẹ bá rí wáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ òféèfèé, ẹ jìnnà sí i, ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn là ni. Lóòótọ́, láti oṣù Jánúárì 2025, Texas kò béèrè àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ajé mọ́, ṣùgbọ́n ní agbègbè Dallas, àyẹ̀wò èéfín ṣì wà fún àwọn ọkọ̀ tí epo bẹntiróòlù ń gbé tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 2 sí 24. Bí ẹ bá tú bátìrì tàbí tí ẹ pa kóòdù rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ọpọlọ ọkọ̀ á ti gbàgbé ohun tí ó mọ̀, wọ́n á sì dá yín padà. Ẹ fi ọjọ́ bíi mélòó kan wà á kí ẹ tó lọ.

Bí ọkọ̀ bá kú lórí eré, ẹ má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí ìdarí lè há. Ìdarí yóò wúwo, bíréèkì náà yóò wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ẹ má sì sọ pé arúgbó lásán ni ó ń ṣe ọkọ̀. Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ General Motors pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.6 padà, Chevrolet Cobalt wà nínú wọn, nítorí pé ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lè yẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí eré, tí ẹ́ńjìnì á kú, tí àpò afẹ́fẹ́ kò sì ní ṣí. Àjọ tí ó san owó gbà-má-bínú gbà pé ènìyàn 124 ni ó kú nítorí rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ké gbàjarè pé ọkọ̀ àwọn ń kú lójú ọ̀nà. Ẹnjiníà kan tí ó tú ohun èlò àtijọ́ àti tuntun wò ni ó rí i pé wọn kò bára mu, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan náà ni ó wà lára wọn. Nítorí náà, ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ 17 tí ó wà lára ọkọ̀ yín, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ NHTSA, àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti pe irú ọkọ̀ yín padà, iléeṣẹ́ tí ó ṣe é ni yóò sábà tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jọ ń gbé inú ilé kan. Ìwé kékeré náà ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun tí kò ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má tètè pè é ní òpùrọ́. Ẹ bi í ní aago tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá sì ń ṣe bí àbíkú, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìṣe rẹ̀ sí dání wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. Bọ̀dá Ríwáyà ti ní òun yóò wà níbẹ̀, òun yóò sì mú gílóòbù òun wá. Ó dìgbà o.